Rọ́bà ya lóru Sátidé, oògùn TB sì wà lára mi

Télọ̀ Òkè-Fìà (Túsìdeé, aago 9 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi jí yín. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì ni. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó wálé ní Sátidé. Nǹkan bí aago 11 alẹ́, rọ́bà (kọ́ńdọ̀mù) tí a lò ya, a ò mọ̀ àfìgbà tó yọ ọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni. Òun ti padà sójú títì, èmi wà nídìí máṣíìnì tí mo ń fi ìka ka ọjọ́.

Ọjọ́ 2 oṣù yìí ni nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 28 ló sì máa ń fi yípo, kì í yẹ̀. Sátidé yẹn ni ọjọ́ 14 oṣù yìí. Obìnrin kan tí a jọ ń gbélé ní kí n po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná. Mo mu ife kan, èébì ni mo fi ṣe. Lánàá mo yà sí ṣọ́ọ̀bù oògùn kan, ọmọkùnrin ibẹ̀ kó kápúsù dúdú-òun-pupa fún mi, ó ní kí n fi mineral kíkan gbé e mì. Mo ń gbọ́ orúkọ Postinor, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó máa ń ba ilé ọmọ jẹ́. Ṣé ó ti pẹ́ jù báyìí?

Ẹ jẹ́ n tún fi èyí kún un: mo ti ń lo oògùn TB láti oṣù mẹ́ta, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa. Ikọ́ ti lọ, àfi pé ìtọ̀ mi máa ń pọ́n bíi Fanta. Bóyá ìyẹn ò tiẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí.

Àdìsá Ọmọ Òròkí

Ẹ jẹ́ kí ọmọ Ọlọ́run wá o jàre. Oògùn tí ẹ ń bèèrè yẹn, oyún ṣíṣẹ́ ni.

Màmá Nọ́ọ̀sì

Àdìsá, rọra. Oyún wo ló wà nílẹ̀ tí a fẹ́ ṣẹ́? Àtọ̀ lè wà láàyè lára obìnrin fún ọjọ́ 5, ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn tó bá já. Àtọ̀ ló máa ń dúró de ẹyin. Ohun tí Postinor ń ṣe ni kó dá ẹyin dúró, kó má tíì já, títí agbára àtọ̀ yóò fi tán. Bí oyún bá ti dúró, kò lè bà á jẹ́, kì í sì í ba ilé ọmọ jẹ́.

Ìwọ télọ̀ wa, gbọ́. Oṣù rẹ tó ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ 30. Ka ọjọ́ 14 sẹ́yìn láti ibẹ̀, ọjọ́ 16 ni ẹyin ń já, ó lè ṣáájú díẹ̀, ó lè pẹ́ díẹ̀. Sátidé rẹ bọ́ sí àárín gbùngbùn ewu. Òní sì ti di ọjọ́ 17, ó ṣeé ṣe kí ẹyin ti já, Postinor ò sì rí nǹkan kan ṣe sí ẹyin tó ti já.

Fanta tí o ní kò kan ọ̀rọ̀ yẹn, òun gan-an lọ̀rọ̀. Rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn TB rẹ, ló ń mú ìtọ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè run Postinor kó tó ṣiṣẹ́. Má torí ẹ̀ dá oògùn TB dúró o! Kódà fún ọjọ́ kan.

Èyí tó dáa jù fún ọ ni nǹkan kékeré kan bíi lẹ́tà T tí a wé bàbà mọ́, tí a ń fi sí ilé ọmọ. Bí wọ́n bá fi sí i láàárín ọjọ́ 5, nínú 100 obìnrin, kì í tó ẹyọ kan tó máa lóyún. Rifampicin ò lè mú un. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún 10, o sì lè ní kí wọ́n yọ ọ́ nígbà tó bá wù ọ́. Ọjọ́ 5 rẹ máa pé lóru Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún ọ lóru? Gbéra lónìí. Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro, bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìfètòsọ́mọbíbí.

Bí wọn ò bá rí i ṣe lónìí, Postinor ìlọ́po méjì ni, 3 mg dípò 1.5 mg. Èyí tó jẹ́ hóró méjì nínú páálí, páálí méjì nìyẹn, hóró 4 lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó di aago 11 alẹ́ òní. Sọ fún wọn pé o ń lo oògùn TB. Bí o bá bì láàárín wákàtí 2, tún un lò.

Omi iyọ̀, inú agbẹ̀du ló mọ. Kápúsù yẹn, kòkòrò ló ń pa. Mo ti rí ẹni tó mu búlúù tí a fi ń fọ aṣọ. Inú rírun ló gbé e wá, oyún ẹ̀ sì ń dàgbà lọ ní tiẹ̀.

Ọmọ Apòògùn

Òótọ́ ni màmá sọ. Oògùn kan tún wà, ulipristal, tó ń ṣiṣẹ́ dé ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tó ń lo rifampicin. Ẹni tó ń lo carbamazepine nítorí wárápá náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó ra Postinor.

Télọ̀ Òkè-Fìà (Wẹ́síìdeé, alẹ́)

Màmá, ẹ ṣé o. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lánàá, mo lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má bi mí pé ọkọ mi dà, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á. Ó ní kí n tọ̀ sínú ike kan kóun fi yẹ̀ mí wò bóyá mo ti lóyún tẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí àwọ̀ ìtọ̀ náà báyìí, ó ní, “Oṣù mélòó lo ti ń lo oògùn?” Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un o.

Wọ́n ti fi sí i. Ó fún mi nínú bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, ó ti rọlẹ̀ báyìí. Ó ní oṣù lè máa pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí n sì ṣe àyẹ̀wò oyún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé sí Sátidé yẹn.

Bàbá wọn pè lẹ́ẹ̀kan. Mo bi í pé ibo ló ń kó rọ́bà sí. Ó ní inú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ni, láti ọjọ́ Iléyá.

Màmá Nọ́ọ̀sì

Háà! Oòrùn ti sè é jinná. Ní kó kó gbogbo ẹ̀ dànù.