Èso igbó tó tan ahọ́n mi jẹ ní Bario

Arìnnàjò_Ọ̀yọ́: Ẹ̀yin ará, ta ló ti jẹ èso tó sọ omi lásán di oyin rí? Miri ní Sarawak, lórílẹ̀-èdè Malaysia, ni mo ti ń kàwé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Kelabit mú mi lọ sílé wọn ní Bario, lórí òkè. Bàálù kékeré tó ń gba èèyàn 19 ló gbé wa. Èmi àti ẹrù mi ni wọ́n jọ gbé sórí òṣùwọ̀n bí àpò gàrí. Lẹ́yìn oko ìrẹsì wọn, màmá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya ewé gígùn kan tó ká wẹ́wẹ́ bíi màrìwò, ó já èso funfun kéékèèké nídìí rẹ̀, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ lára. Lemba ni wọ́n ń pè é lédè Malay. Ó ní kí n jẹ ẹ́, kí n mu omi. Háà! Bíi pé wọ́n po ṣúgà sí i.

Ìyá_Àdùkẹ́: Agbáyun nìyẹn. Ẹ má pariwo.

Arìnnàjò_Ọ̀yọ́: Rárá o, mà. Agbáyun pupa, orí igi ló ń so sí. Ilẹ̀ ni eléyìí jókòó sí.

Mi_Ò_Gbà: Irọ́. Agbáyun pàápàá kì í sọ omi di dídùn, àfi nǹkan kíkan. Òùngbẹ ló ń gbẹ yín.

Apòògùn: Ẹ jàre lórí agbáyun, ẹ jẹ̀bi lórí lemba. Èròjà miraculin inú agbáyun kò dùn fúnra rẹ̀, àfi tí nǹkan kíkan bá kàn án. Èròjà curculin inú lemba dùn fúnra rẹ̀. Tí adùn náà bá ti lọ, omi lásán lè pè é padà. Àmọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu bíi ti agbáyun.

Ìyá_Àdùkẹ́: Ìyá mi àgbà á fún wa ní agbáyun kọ̀ọ̀kan kó tó gbé ẹ̀kọ àná tó ti kan síwájú wa. Kò ra ṣúgà rí.

Déjì_Peckham: 😂😂 Ìyá yẹn ti lọ wá jù!

Ọmọ_Olóúnjẹ: Ewé lemba yẹn, ṣé ó ṣe é pọ́n mọ́ínmọ́ín?

Arìnnàjò_Ọ̀yọ́: Ewé mìíràn ni wọ́n fi ń pọ́n oúnjẹ, ó fẹ̀ bí ewé eéran gẹ́lẹ́. Ìrẹsì tí wọ́n sè tó rọ̀ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ ló ń wà nínú rẹ̀, nuba' laya' ni wọ́n ń pè é.

Apòògùn: Ewé eéran tiwa náà ń so èso dídùn, ṣé ẹ mọ̀?

Déjì_Peckham: Ewé mọ́ínmọ́ín ń so èso?!

Ìyá_Àdùkẹ́: Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lẹ́. Ìdí rẹ̀ nílẹ̀ ló ń so sí, ó pupa, onígun mẹ́ta ni.

Ọmọ_Olóúnjẹ: Ṣebí agbáyun náà ni àgbálùmọ̀?

Ìyá_Àdùkẹ́: Ẹ gbà mí o.

Apòògùn: Ẹbí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má sì jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìjà àgbálùmọ̀ àti ọsán níbí.

Déjì_Peckham: Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìyá_Àdùkẹ́: Ọsán dùn, àgbálùmọ̀ kan! Ta ló tọ́ ẹ dàgbà?

Mi_Ò_Gbà: Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ omi. Mi ò tíì gbà. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́.

Arìnnàjò_Ọ̀yọ́: Fọ́tò èso ni àbí ti adùn?