Àbọ̀ rèé lórí sáfà ọ̀fẹ́ mi: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè níjọ́sí ohun tí mo lè ṣe sí àwọn oníjìbìtì tó ń gba àyè ọ̀fẹ́ lórí sáfà mi (kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gbé ojúlé àwọn èèyàn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì), tí wọ́n ń fi ojú ìwé báǹkì ayédèrú tan àwọn èèyàn jẹ, títí tí wọ́n fi kọ àdírẹ́sì IP wa, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá sáfà mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sínú ìwé orúkọ àwọn tó ń fi ímeèlì jìbìtì ránṣẹ́.

Port 25, ẹnu ọ̀nà tí sáfà ń gbà fi ímeèlì ránṣẹ́ sí sáfà mìíràn, ni mo kọ́kọ́ tì, kí ojúlé kankan má lè dá fi ímeèlì ránṣẹ́ síta mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó lé wọn lọ gan-an ni pé ẹni tó bá fẹ́ àyè báyìí gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí mi, kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí èmi fúnra mi tó ṣí i fún un. Ó ń gba àkókò lóòótọ́, àmọ́ àwọn olè kò dúró dáhùn ìbéèrè. Kálukú sì ti ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí Linux, ètò tó ń darí sáfà náà: bí àwọn olè bá já wọ WordPress (ètò tí wọ́n fi ń ṣe ojúlé) ti ẹnìkan, wọn kò lè ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Wọ́n ti yọ wá kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn oníjìbìtì ímeèlì náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n máa gbowó, ẹ ṣé, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni yóò máa jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, owó sáfà lóṣooṣù kò sì ju agbára mi lọ. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.