Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo la ṣe máa fi gàrí Ìjẹ̀bú so Kẹ́mísìrì, owó àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ fún àwọn ọmọ SS2?

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀gá wa níléèwé ní ká so àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì pọ̀, kí àwọn ọmọ ṣe pùrójẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó máa kan ti ìwé, tó máa kan ti iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní trade. Inú mi dùn sí i, torí láti 2011 tí wọ́n ti mú trade wọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, nóòtì la kàn ń dà sí wọn lórí, ọmọ á ṣe Catering ọdún mẹ́ta kò ní dá iná rí níléèwé.

Tẹ́ẹ̀mù tó kọjá a mú gàrí. Mo rò pé ó máa rọrùn, ṣebí ìlú gàrí la wà. Báọ́lọ́jì ní kí wọ́n ya ewé ẹ̀gẹ́, Yorùbá ní kí wọ́n kọ àròkọ, Ẹkọnọ́míìsì ní kí wọ́n kọ nípa ọjà, èmi náà ní kí wọ́n kọ fọ́múlà ásíìdì. Ìgbà tó máa fi di ọjọ́ tí wọ́n máa fi iṣẹ́ hàn, ọmọ kan ru káádíbọ́ọ̀dù mẹ́fà wá, ọ̀kan ò sì mọ ohun tí èkejì ń sọ. Mo bi ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé dáadáa pé kí ló ń mú gàrí tiwa kan tó báyìí. Ó wo káádíbọ́ọ̀dù, ó wo ojú mi, ó ní, "Ma, wọn ò tíì fún wa ní ìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ tó fi máa jẹ́ iṣẹ́ kan lóòótọ́? Ta ló máa fún wọn ní máàkì? Àwọn kan nínú wa tún ń sọ pé sílábọ́ọ̀sì ò tíì tán, pé WAEC ò ní bi ẹnikẹ́ni ní gàrí. Ẹ jọ̀ọ́.

Tíṣà Búkkípìn, Ìpẹru
Àǹtí, a ti kó sí irú ẹ̀ rí. Ohun tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni ò dáa, ẹ ò bi wọ́n ní nǹkan kan. "Gàrí" kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ bi wọ́n pé: ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tá a fi sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì àtèyí tá a fi sílẹ̀ lọ́jọ́ márùn-ún, èwo ni kí ìyá kan yan tà kó fi jèrè? Kò sí bí ọmọ ṣe máa dáhùn ìyẹn láì dán ásíìdì tó ń mú un kan wò, láì gbé nǹkan sórí ìwọ̀n, láì kọ owó tó wọlé àtèyí tó jáde sílẹ̀.

Ní ti sílábọ́ọ̀sì, ẹ jókòó pọ̀ kí tẹ́ẹ̀mù tó bẹ̀rẹ̀, kí oníkálukú mú tiẹ̀ dání, ẹ fàlà sídìí ohun tẹ́ ẹ ti fẹ́ kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ásíìdì àti béèsì wà nínú tiyín, pásẹ́ǹtì wà ní Máàsì, èmi ní ìwé owó. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣe náà ni, ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣe é ló yí padà. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kò bá sì níṣẹ́ gidi níbẹ̀, ẹ má fipá wọ́ ọ wọlé. Àwa wọ́ Jọ́gíráfì wọlé, máàpù kan ni wọ́n yà, ẹnikẹ́ni ò lò ó.

Ìyá Alágàrí, Òdogbolú
Tíṣà wa, ẹ kú ìrònú àwọn ọmọ. Èmi ò kàwé púpọ̀ ṣùgbọ́n gàrí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ọjọ́ ló ń mú gàrí kan. Tá a bá bó ẹ̀gẹ́, tá a fọ̀ ọ́, tá a lọ̀ ọ́, tá a rọ ọ́ sápò, a kì í kánjú sí i, àwọn tó bá gbé e kíákíá sábẹ́ jáàkì tó ń fún omi ẹ̀ jáde tí wọ́n yan án lọ́jọ́ kejì, tiwọn ò lè kan bíi tiwa. Lọ́jọ́ kẹrin mo máa ń ti ọwọ́ bọ inú àpò, mo máa fún un ní àtẹ́lẹwọ́. Tí òórùn ẹ̀ bá ta sí mi nímú, tí ẹ̀kúnwọ́ yẹn sì tú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí mo bá fọwọ́ bà á, mo mọ̀ pé ó ti ń dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fọwọ́ ara wọn kàn án.

Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó bó o, ẹ wọ̀n ọ́n tẹ́ ẹ bá bó o tán, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn jáàkì, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn agbada. Ẹ máa rí ibi tí owó ń bá lọ. Igi ìdáná ńkọ́? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í kà á mọ́ owó.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn gidigidi, kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ẹ̀gẹ́ tútù wò, májèlé wà nínú ẹ̀. Omi tó ń ṣàn lábẹ́ jáàkì náà, ẹran ò gbọdọ̀ mu ún.

Bàbá Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́
Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè. Irú ẹ̀kọ́ yìí ò ṣàjèjì nílẹ̀ Rẹ́mọ. Láti 1956 tí Tai Solarin ti dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ńbí, ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀ ń roko.

Ní ti máàkì, má jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé mẹ́fà. Ìwé kan ṣoṣo fún ọmọ márùn-ún, gbogbo ohun tí wọ́n rí lójoojúmọ́ ni kí wọ́n kọ sínú ẹ̀. Ìwọ máàkì ibi ásíìdì, oní-Búkkípìn máàkì ibi owó. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣàlàyé, kí gbogbo yín jọ jókòó, kẹ́ ẹ sì bi ọmọ tí kò retí ìbéèrè, kí ẹni kan má baà ṣe é fún ẹni mẹ́rin. Pe Ìyá Alágàrí náà kó wá bi wọ́n. Kíláàsì kan àti tíṣà mẹ́ta ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ ṣeun sà. Màmá, ẹ ṣé gan-an. Ohun tó kù ni pé láàbù wa ò ní nǹkan kan, bébà tí wọ́n fi ń wo ásíìdì ti tán tipẹ́.

Tíṣà Catering, Ṣàgámù
Ẹ se zobo! Ìṣápá pupa yẹn nìkan, ẹ má fi ṣúgà sí i, ẹ má fi ọsàn sí i. Ẹ bu omi ẹ̀gẹ́ ọjọ́ kìíní sínú ife, ti ọjọ́ kẹta, ti ọjọ́ karùn-ún, kẹ́ ẹ wá kán zobo díẹ̀díẹ̀ sí i, iye kan náà fún gbogbo ife. Èyí tó kan jù ló máa pọ́n jù. Ẹ fi omi eérú dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn máa dà bí àwọ̀ ewé. Zobo ò ní sọ nọ́ńbà fún yín bíi bébà, àmọ́ ojú wọn máa rí i. Ẹ kọ "Ẹ MÁ MU" sára ife o.

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Ìjẹ̀bú-Igbó
Zobo! Mo ní i nílé báyìí. Lọ́la mo máa bá oní-Máàsì àti oní-Búkkípìn wa sọ̀rọ̀, SS2 kan náà la máa mú. Màmá, ṣé mo lè kó ọmọ ogún wá sọ́dọ̀ yín?

Ìyá Alágàrí, Òdogbolú
Ogún ti pọ̀ jù fún ìdí agbada, iná wà níbẹ̀. Ẹ kó mẹ́wàá wá ní Sátidé, kí mẹ́wàá wá ní Sátidé kejì. Kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ìwọ̀n yín dání, kọ́ńgò lèmi fi ń wọ̀n.