Òbúkọ kan náà ló gun ewúrẹ́ méjì: kí ló dé tí ọmọ wọn kò rí bákan náà?

Olùsìn Ẹran, Òmù-Àrán:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Òbúkọ kan ló gun ewúrẹ́ mi méjèèjì. Àkọ́kọ́ bí ọmọ kan ṣoṣo, kò sì tó wákàtí kan tí ọmọ náà fi dìde, tó ń wá ọmú kiri. Èkejì bí ẹ̀ta, ṣùgbọ́n méjì kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nígbà tí mo ti ìka bọ ẹnu ọ̀kan nínú wọn, ó tutù bí omi àmù. Àwọn aládùúgbò ní kí n ta òbúkọ náà. Ṣé òun ló fà á, àbí ìyá?

Ìyá Ẹlẹ́ran, Ọ̀fà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìyá ni kí ẹ wò, ẹ má sì bínú sí i. Nǹkan bí 150 ọjọ́ ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, oṣù méjì tó gbẹ̀yìn ni ọmọ inú sì ń dàgbà jù. Bí ẹ̀ta bá wà níbẹ̀, oúnjẹ ẹnì kan ni wọ́n ń pín. Ọ̀rá ara ọmọ tó kéré kò tó nǹkan, òtútù a tètè mú un, kò sì ní lè fa wàrà àkọ́kọ́ tó ki yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ni ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn, nítorí ọmọ ewúrẹ́ kì í gba ààbò yẹn nínú oyún. Kí wákàtí mẹ́fà tó pé ni ó yẹ kó mu ún. Èmi a kọ́kọ́ mú ara ọmọ móoru. Tó bá ti lè gbé orí, n ó fún wàrà ìyá rẹ̀ sínú ife, n ó sì fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Aládìyẹ, Ìlọrin:
Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwa aládìyẹ. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń wọ̀n tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹyin rẹ̀, ẹyin 60 gíráàmù fún ọmọ bí 40. Adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé kì í yé ẹyin ńlá, n kì í sì í sàba ẹyin àkọ́yé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, kí ni ewúrẹ́ kejì ń jẹ nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹrin?

Olùsìn Ẹran, Òmù-Àrán:
Ọyẹ́ ló bọ́ sí, koríko ti gbẹ, èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ni mo ń fún un. Ní àárọ̀ yìí mo fọwọ́ wọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ń ka egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti já ewé ẹ̀pà kún oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ tó kù ń fa ọmú.