Jáàbù kì í ṣe "ẹ̀ṣẹ́ òsì"

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá fún àwọn ẹ̀ṣẹ́ inú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sílẹ̀ lánàá ní kí á máa pe jáàbù, ẹ̀ṣẹ́ kíákíá tí akànṣẹ́ ń fi ọwọ́ tó wà níwájú nà tààrà, ní "ẹ̀ṣẹ́ òsì", nítorí ọwọ́ òsì ni ọ̀pọ̀ akànṣẹ́ fi ń jù ú. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn.

Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ọlọ́wọ́ òsì kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbé síwájú, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń ju jáàbù. Bí olùkọ́ bá kígbe "Òsì!", àwa yòókù á na ọwọ́ tó wà níwájú wàrà, tiẹ̀ á sì ti ẹ̀yìn bọ̀ tìbàdítìbàdí. Wọ́n á ní ó ṣì í, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Oleksandr Usyk, akànṣẹ́ ará Ukraine tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní London ní 2012, ọ̀tún ni jáàbù tirẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ́ òsì la ó máa pe ìyẹn náà?

Ẹlòmíràn mú "ẹ̀ṣẹ́ iwájú" àti "ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀yìn" wá. Èyí sàn jù, àmọ́ bí olùkọ́ bá ní "Iwájú!" tàbí "Ẹ̀yìn!", ẹsẹ̀ wa ló ń bá wí. (Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sí i: nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ kì í jìnnà síra.)

"Ẹ̀ṣẹ́ aṣáájú" ni tèmi. Jáàbù ló ń lọ wo bí ọ̀nà ṣe jìn sí, òun ló ń dí alátakò lójú, kí èyí tó lágbára tó dé. Ọ̀nà tó bá lọ náà ló gbọ́dọ̀ bá padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, láìwálẹ̀. Èyí tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ á wá jẹ́ "ẹ̀ṣẹ́ àtẹ̀lé". Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn lẹ́nu olùkọ́: "Ṣáájú! Tẹ̀lé! Ṣáájú, ṣáájú, tẹ̀lé!"

Ní ti "abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò", oríkì tó rẹwà ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó tàn mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ẹnìkan dánra wò, mo rọ òjò lóòótọ́. Apá rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bà. Nígbà tí abala (ráùndì) kejì fi máa bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ti wúwo bí odó. Ó kàn yẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi ọ̀kan ṣoṣo dá mi lóhùn. (Ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní "ẹ̀ṣẹ́ èsì".)  Nínú ìjà Òlíńpíìkì pàápàá, adájọ́ 5 tó ń wò kì í ka èyí tó bá apá. Ojú ìkúùkù inú ìbọ̀wọ́ ló gbọ́dọ̀ bà, lórí tàbí lára, òkè bẹ́líìtì. Nítorí náà, "akànṣẹ́" tó fún ọmọ ẹ̀kọ́.

Hùúkù, ẹ̀ṣẹ́ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, kò le: "ẹ̀ṣẹ́ ìwọ̀", nítorí ìgunpá á tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n ni mi ò tíì rí orúkọ fún. Ẹni tó bá ní in, kó mú un wá.