Yìnyín ti lu tírélà onílé mi: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Alárìnkò:
Ẹ kú ìmọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Òjò yìnyín rọ̀ lé tírélà onílé tí mo fi ń rìnrìn-àjò lánàá, gbogbo ara rẹ̀ ló jin wẹ́wẹ́. Mítà 7 ni gígùn rẹ̀, ó sì ti pé ọdún 9. Rọ́bà òrùlé tí wọ́n ń pè ní EPDM ló wà lórí rẹ̀, páànù alumíníọ́mù onílà-ìlà ló wà lára. Ìdérí ihò atẹ́gùn kan ti fọ́ yángá, èyí tó wà lókè balùwẹ̀ sì ti sán. Mi ò tíì rí omi nínú ilé. Ṣé pánẹ́ẹ̀bítà ni kí n wá lọ kó bá mi yọ àwọn kòtò yìí, àbí kí n kọ́kọ́ kun orí rẹ̀ ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé? Mi ò tíì sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò.

Onírọ́bà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kòtò ara páànù sílẹ̀ ná. Kòtò kì í ba tírélà jẹ́, omi ló ń bà á jẹ́. Ọ̀dà yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kùn ún. Ó máa bo ojú ibi tó ya láì dí i, bí omi bá wá ń wọlé lóṣù mẹ́ta sí i, kò ní sí ẹni tó máa mọ ibi tó ń gbà wọlé.

Ihò tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bo kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ṣa àfọ́kù ìdérí kúrò, kí ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bo ojú ihò náà, kí ẹ wá fi téèpù lẹ ọ̀rá yẹn mọ́ férémù ihò, kì í ṣe mọ́ rọ́bà òrùlé. Gọ́ọ̀mù téèpù lásán máa ń kù sára rọ́bà, kì í sì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gidi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá fẹ́ da tapólì bo gbogbo rẹ̀, ẹ dè é pinpin. Tapólì tí atẹ́gùn ń gbọ̀n máa ń ha rọ́bà bíi sáńdípépà.

Bí ẹ bá máa gun orí rẹ̀, ẹ fi pílíwúùdù tẹ́ ẹ kí ẹ sì kúnlẹ̀ lé e. Pákó tó wà lábẹ́ rọ́bà lè má ju mìlímítà 10 lọ, ti àwọn míì tilẹ̀ fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà fúnra rẹ̀ ò ju bíi mìlímítà 1 lọ. Àárín gbùngbùn rẹ̀ kì í sábà ya, torí ó máa ń fà, á sì padà sí bó ṣe wà. Ibi tó ti nà tantan ni kí ẹ wò, àti ibi tí nǹkan líle wà lábẹ́ rẹ̀: orí síkúrù, ibi tí pákó méjì ti pàdé, àti etí òrùlé níbi tí rọ́bà ti ṣẹ́po wálẹ̀. Bí rọ́bà bá ya níbẹ̀, ojú rẹ̀ máa ń rí bí ìgbà tí wọ́n fi èékánná tẹ ọṣẹ, ìlà kékeré tó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Ẹni tó dúró wò ó kò ní rí i. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá là, tí ẹ rí dúdú tàbí àwọ̀ igi nínú rẹ̀, ó ti ya nìyẹn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, kí ẹ máa wá òmíràn lọ. Ẹ wo gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó yí gbogbo ihò ká náà, torí èyí tó ti gbó máa ń sán ní ìlà tín-ín-rín bí irun.

Láti tún un ṣe: ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi ọtí ìnura-ọgbẹ́ nù ún. Ẹ má fi pẹtiróòlù, kẹrosíìnì tàbí tínà kàn án rárá. EPDM máa ń mu wọ́n, á wú, á sì ṣí kúrò lára pákó. Ẹ gé téèpù òrùlé, irú èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ré kọjá ojú tó ya ní ọ̀tún, ní òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó rí roboto, torí igun tó mú ṣónṣó ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ fi róólà kékeré tẹ̀ ẹ́ gan-an láti àárín bọ̀ sí etí. Títẹ̀ yẹn ló ń mú kó lẹ̀. Ẹni tó kàn fọwọ́ pa á kò tíì lẹ̀ ẹ́.

Oríṣi méjì ni gọ́ọ̀mù òrùlé. Èyí tó ń ṣàn tẹ́jú fúnra rẹ̀ wà fún ibi tó tẹ́jú, èyí tí kì í ṣàn wà fún ògiri àti etí tó dagun. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sílíkóònù ilé sí i fún yín. Kì í di rọ́bà yìí mú, ohun tó bá sì fi sílẹ̀ lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù míì dì í mú.

Afìwéṣẹ̀rí:
Kí ẹ tó fi téèpù kankan lẹ̀ ẹ́, ẹ ya fọ́tò. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ń yà. Kòtò kì í hàn lójú oòrùn ọ̀sán gangan. Ẹ dúró di àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá wà nísàlẹ̀, tàbí kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ sára páànù lálẹ́ kí iná rẹ̀ máa rá lọ lójú páànù, gbogbo kòtò á yọ òjìji. Ẹ ka iye tó wà lára páànù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àfọ́kù ìdérí yẹn, ẹ má dà á nù.

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò lónìí. Bíbò tí ẹ bo ihò yẹn ò ní ba ẹ̀tọ́ yín jẹ́. Ohun tí àdéhùn sábà máa ń béèrè ni pé kí oníǹkan má ṣe jẹ́ kí ìbàjẹ́ pọ̀ sí i. Ẹ sáà tọ́jú rìsíìtì ọ̀rá, téèpù àti gọ́ọ̀mù. Ẹ wá ka ìwé àdéhùn náà fún nǹkan mẹ́ta: ṣé iye tí tírélà tó lónìí ni wọ́n máa san àbí iye tí tuntun ń lọ, èló ni ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ yọ sílẹ̀, àti bóyá wọ́n yọ ìbàjẹ́ tó jẹ́ ti ẹwà nìkan kúrò. Bí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn bá wà níbẹ̀, kòtò ara páànù ò ní mówó wá, ṣùgbọ́n òrùlé àti ìdérí ṣì máa mú un wá.

Fún tírélà ọlọ́dún 9, owó àtúnṣe páànù nìkan lè sún mọ́ iye tí gbogbo rẹ̀ tó. Wọ́n lè ní àwọn fẹ́ san gbogbo owó rẹ̀ kí àwọn sì gbé e lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mú un dání, wọ́n máa ń yọ iye tí wọn ì bá tà á kúrò nínú owó yín. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbà bóyá àmì pé wọ́n ti kà á sí ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe máa wọ inú ìwé ọkọ̀ náà, torí àmì yẹn máa ń jẹ́ kó ṣòro láti tún dójútòfò rẹ̀ tàbí láti tà á.

Ẹ má tọwọ́ bọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ti parí kí ẹ tó mọ bí igi inú ògiri ṣe wà.

Alárìnkò:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti rí ojú ìya bí èékánná yẹn mẹ́ta, méjì wà létí òrùlé gan-an. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kò mú ilé tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Pánẹ́ẹ̀bítà wá ńkọ́?

Ọ̀gá Páànù:
Pánẹ́ẹ̀bítà ọkọ̀ ò ní rí i ṣe. Ẹ̀yìn páànù ni wọ́n ti máa ń fi irin ti kòtò síta. Ti tírélà, igi àti fóòmù ló dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa, páànù náà ò sì nípọn ju bíi ìdajì mìlímítà lọ. Bí yìnyín bá ti lù ú, ó ti fà, kò níbi tó máa padà sí. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù fà á jáde, ọ̀dà ara rẹ̀ ni wọ́n ń ká. Ti kí wọ́n fi iná mú un gbóná kí wọ́n sì fi yìnyín tù ú lójijì, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

Nítorí náà, yálà kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ pààrọ̀ páànù. Páànù onílà-ìlà máa ń kọ́ ara wọn ní etí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ti àárín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ irin igun, fèrèsé tó wà lójú ọ̀nà àti àwọn páànù tó wà lókè rẹ̀. Bó bá ń dá wọn padà, téèpù bútáìlì (téèpù rírọ̀ bíi gọ́ọ̀mù tó ń dí omi) tuntun tó nípọn ní mìlímítà 3 ló gbọ́dọ̀ lọ sábẹ́ irin igun àti fèrèsé. Síkúrù tí ihò rẹ̀ ti gbòòrò, ẹ fi èyí tó tóbi jù ú lọ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ní tèmi o, ọdún 9, mo máa fi kòtò yẹn sílẹ̀. Àmọ́ bí kòtò bá wà lójú ibi tí páànù méjì ti kọ́ ara wọn, ẹ wò ó dáadáa, torí ìkọ́ náà lè ti là. Ẹ wo ike orí àwọn iná ẹ̀gbẹ́ náà.

Ẹ̀rọ amúlétutù: ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ ṣí ìbòrí ike rẹ̀. Àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn máa ń tẹ̀ dùbúlẹ̀ lé ara wọn, atẹ́gùn ò ní ráyè kọjá, ooru ò sì ní jáde. Òòyà wà tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ ka iye ewé tó wà nínú ínǹṣì 1 kí ẹ tó rà á, kó lè bá a mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ṣì tọ́, kí ẹ máa rọra fà á bí ẹni ń ya irun ọmọdé. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí síkúrù-díráfà ṣe é. Ọ̀pá gáàsì wà lẹ́yìn àwọn ewé yẹn, bí ẹ bá lu ú, ẹ̀rọ náà ti kú nìyẹn.

Onírọ́bà:
Àwọn méjì tó wà létí òrùlé yẹn, téèpù lójú rẹ̀ nìkan ò tó. Rọ́bà náà wọ abẹ́ irin etí, bí ojú ìya bá sì wọ abẹ́ ibẹ̀, omi á gbabẹ̀ dé orí ògiri. Ẹ tú irin náà níbẹ̀, kí ẹ lẹ téèpù wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi bútáìlì tuntun sí i, kí ẹ dè é padà, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù tí kì í ṣàn pa etí rẹ̀.

Ìdérí méjèèjì: ọ̀pọ̀ ihò ló jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 36 níbùú àti lóròó, ṣùgbọ́n ìdè ẹ̀yìn wọn yàtọ̀ síra. Ẹ ya fọ́tò ìdè náà lọ rajà. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ike líle tí wọ́n ń pè ní polycarbonate ṣe. Ike lásán tí oòrùn bá ti sá fún ọdún mélòó kan máa ń fọ́ bí èèpo ẹyin.

Pé ẹ ò rí omi lónìí ò tíì sọ nǹkan kan. Omi máa ń gba ara igi òrùlé rìn jìnnà kó tó jáde níbi iná àjà tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Ẹ ra mítà alábẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi, kí ẹ fi gún eteetí ihò kọ̀ọ̀kan àti igun àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lónìí, lọ́jọ́ kẹta àti lọ́jọ́ kẹwàá, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ìdá 15 nínú 100 sísàlẹ̀ dára. Bó bá ti kọjá 20, tó sì ń gòkè láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ihò kan ṣì wà tí ẹ ò tíì rí. Ẹ mú nọ́ńbà yẹn fún ẹni tí àwọn adójútòfò bá rán wá, kí ẹ sì padà sórí òrùlé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì yín.