Ẹyin tó di ehoro: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì, Saitama

Ẹ kú ilé o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn yín níbí láìsọ nǹkan kan. Lónìí, èmi náà ní tèmi, orí ẹyin sísè ló sì dá lé.

Ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Níbi tí à ń gbé ní Japan yìí, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wọn máa ń fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ méjì yòókù, àwa ìyá la máa di oúnjẹ fún wọn. Bento ni wọ́n ń pe oúnjẹ àdìlọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré rárá. Àwọn ìyá kan wà tó jẹ́ pé aago márùn-ún ìdájí ti máa bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń fi ìrẹsì, karọ́ọ̀tì àti ewé inú òkun tí wọ́n ń pè ní nori ṣe ojú ẹni inú kátúùnù tí ọmọ wọn fẹ́ràn. Kyaraben ni orúkọ ìyẹn.

Táíwò kò fún mi níṣòro. Ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa jẹ. Kẹ́hìndé ni kì í fẹ́ rí ẹyin. Bí mo bá là á sí méjì sínú abọ́ rẹ̀ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni màá bá a nírọ̀lẹ́, pupa rẹ̀ á ti gbẹ, á ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó máa ń dùn mí, nítorí kì í jẹ ẹran, ẹja náà sì máa ń di ẹkún.

Ìyá kan tí a jọ máa ń dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé ló mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà ní 100 yen. Ó fa ike kékeré kan yọ lórí pẹpẹ. Ojú ihò méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan gbẹ́ bí ojú ehoro, ìkejì bí ojú béárì, ìdérí sì wà lórí wọn tó ń há pa. Mọ́ọ̀dù ẹyin ni. Ó ní kí n lọ gbìyànjú rẹ̀.

Mo sè ẹyin lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo dà á sínú omi tútù bí màmá mi ṣe kọ́ mi, mo bó o, mo fọ abọ́ tó wà nílẹ̀ tán, mo wá padà wá tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù, mo há a pa. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo ṣí i. Ẹyin náà ni mo bá níbẹ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣe wà. Ilà kan ló kàn yí i nídìí ká, ibi tí etí ehoro yẹ kó wà sì ti fàya, pupa ń yọjú. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá yẹn. Ó dá mi lóhùn pé, “Kí ló dé tí o jẹ́ kó tutù?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Funfun ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú omi gbígbóná bọ́ ṣì rọ̀, ibi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ló ń lọ. Bó bá ti ń tutù ló ń le, ohun tó bá há a mọ́ nígbà tó ń tutù ló máa jọ. Bó bá ti tutù kó tó dé inú mọ́ọ̀dù, agídí ló kù. Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. Omi á kọ́kọ́ hó, kí n tó fi ẹyin sí i. Ìṣẹ́jú méjìlá. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo máa jẹ́ kí omi ẹ̀rọ ṣàn tín-ín-rín lé ẹyin náà bí mo ṣe ń bó o, kíákíá ni mo sì máa ń ṣe é. Ó ṣì máa ń gbóná lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá dà á dùbúlẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù, tí mo kọ orí rẹ̀ tó ṣóńṣó sí apá ibi tí etí wà. Màá rọra dé e títí yóò fi dún “ká!”, màá wá ri gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ omi tí áìsì wà nínú rẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má kánjú ṣí i o.

Ìwọ̀n ẹyin náà ṣe pàtàkì. Níbí, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí: L ni ẹyin tó wọ̀n tó gíráàmù 64 títí dé 70, LL ni èyí tó ju ìyẹn lọ títí dé 76. Èyí tó kéré sí L kì í kún inú mọ́ọ̀dù, ehoro náà á wá jáde pẹ̀lú kùkùté etí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ yọ dáadáa, mo pe Kẹ́hìndé wá sí ilé ìdáná kó wá ṣí i fúnra rẹ̀. Omi ń kán láti ara ike náà sí i lẹ́sẹ̀. Ó fi èékánná tú ibi tó há, ìdérí fò sókè, ó sì dákẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ehoro náà yọ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ó ń dán. A fi yánmọtí dúdú méjì ṣe ojú rẹ̀. Ọmọ mi fi ìka kan fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ó rọ̀.” Lọ́jọ́ náà, etí kan ṣoṣo ni ó jẹ. Abọ́ padà délé pẹ̀lú ehoro elétí kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ó jẹ etí méjèèjì àti àgbọ̀n. Ó tó oṣù méjì kó tó jẹ odindi. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjọ́ kan ló máa ń ṣẹlẹ̀, bóyá ọmọ tirẹ̀ ni o.

Báyìí, a ti ní ti ẹja àti ti ọkọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé níbí, tí àsíá tó rí bí ẹja máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ilé, mo ṣe ẹyin ẹja, mo fi í sínú omi kọ́rì nínú fìríìjì mọ́jú. Ó jáde ní àwọ̀ yẹ́lò tó rẹwà. Fún ọdún àwọn ọmọbìnrin ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ẹyin àparò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní uzura ni wọ́n máa ń fi ṣe orí ọmọlangidi ọba àti olorì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún ti gbìyànjú rẹ̀?

Bàbá Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mọ́ọ̀dù oníràwọ̀ wá fún ọmọ mi láti Ìlú Ọba nígbà ọdún Kérésì.

Tèmi ò ṣeé bó rárá, kí n tó máa sọ ti mọ́ọ̀dù. Láti oko ẹnìkan tó ń sin adìẹ nítòsí wa ni mo ti ra kíréètì kan, ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ́jọ́ náà. Mo rò pé èyí tó tutù yọ̀yọ̀ ló máa dára jù. Bí mo bá ti bó èèpo, funfun á bá a lọ, títí ẹyin fi rí kágbákàgbà bí ògiri tó ti ṣí. Ẹyin mẹ́fà ni mo fi ṣòfò, ọmọ dúró tì mí, ó ń wò mí lójú.

Ìyá tó ń ta ẹyin ní ìsọ̀ lẹ́bàá wa ló sọ fún mi pé kí n gbàgbé ìyókù sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Òótọ́ ni. Ẹyin tuntun ṣì ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí kò tíì gba ara èèpo jáde, ìyẹn ló ń jẹ́ kí funfun lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo típẹ́típẹ́. Bó bá ti lo ọjọ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á ti jáde, á sì bó wọ́ọ́rọ́. Ìyá yẹn kò kà á nínú ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n.

Ẹyin adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí, ó ti kéré jù. Ní ti áìsì, iná kò dúró lọ́dọ̀ wa. Píọ̀ wọ́tà dídì ni mo máa ń rà, màá fọ́ ọ láìtú ọ̀rá rẹ̀, màá tò ó yí mọ́ọ̀dù ká nínú báàfù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Màmá Àgbà, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ náà dàgbà.

Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, wọn kì í fún ọmọdé lẹ́yin jẹ. Wọ́n ní ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹyin yóò lọ máa yọ́ kó o lábẹ́ adìẹ, ibẹ̀ ni olè jíjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò tàbí bàbá ló ń jẹ ẹ́, ìyókù, adìẹ á sàba lé e kó lè di púpọ̀. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta kí n tó fún ọmọ mi ní odindi ẹyin. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ibi ìwọ̀n ọmọ ló bá mi jókòó, tó sọ ohun tí ẹyin ń ṣe lára ọmọ fún mi. Títí dòní, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí mo ṣe ń kà á pé ìyá kan ń jí ní ìdájí kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹyin, omi dé sí mi lójú.

Àwọn kan máa sọ pé ẹ̀ ń fi oúnjẹ ṣeré. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣebí àwa náà ń mọ oúnjẹ. Mọ́ínmọ́ín inú ewé kì í jọ ti inú agolo. Ẹ rántí bí a ṣe ń ká ewé eéran, tí a ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, tí mọ́ínmọ́ín á fi jáde pẹ̀lú ṣóńṣó lẹ́nu, tí ilà ewé á hàn lára rẹ̀ fínnífínní. Nínú ẹlẹ́mìí méje, gbogbo ọmọ ló ń wá ibi tí ẹyin wà.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi mú mọ́ọ̀dù oníràwọ̀ wá, ó ní ká fi ìràwọ̀ sínú mọ́ínmọ́ín. A fi ẹyin tó ti di ìràwọ̀ sínú ẹ̀wà lílọ̀, a sè é. Nígbà tí a gé e, ìràwọ̀ náà ti tún wú, ẹnu rẹ̀ kò mú mọ́. Ooru kejì ló bà á jẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, a jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín jinná tán, a wá to ìràwọ̀ gígé sórí rẹ̀ nínú àwo. Ìyẹn dára. Ó gbé e yíká ilé, ó fi han gbogbo èèyàn.

Olùtọ́jú Ọmọ, Peckham, London

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi iṣẹ́ mi bá yín sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ni mò ń tọ́jú.

Ìyá Ìbejì, ẹyin uzura tí ẹ dárúkọ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún ọmọ kékeré ní odindi rẹ̀. Ó rí róbótó, ó ń yọ̀, ó sì ṣe wẹ́kú ọ̀nà ọ̀fun ọmọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ọmọ kíláàsì kìíní kan ní agbègbè Fukuoka ní Japan kú nílé ìwé, ẹyin uzura tó wà nínú oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fura sí pé ó há a lọ́fun. Ẹ là á sí mẹ́rin ní gígùn. Bó jẹ́ ti ehoro náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ rí i lódindi, kí ó yọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ tó gé e níṣojú rẹ̀.

Èkejì, tí ẹ bá fẹ́ dì í lọ, ẹ jẹ́ kí pupa rẹ̀ jinná pátápátá, kó sì tutù tán kí ẹ tó dé abọ́. Tí ooru bá wà nínú abọ́ tí ẹ dé, kòkòrò àìsàn á rí ibi pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má sè é kọjá ààlà o. Àwọ̀ ewé tó máa ń yí pupa ẹyin ká yẹn, imí ọjọ́ inú funfun ló pàdé irin inú pupa nítorí iná tó pẹ́ jù. Kò lè pa ẹnikẹ́ni, àmọ́ ọmọ tó ń wá àwáwí á rí i.

Bàbá Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń wá sọ́dọ̀ wa torí ìràwọ̀ yìí, mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo sì ní. Ṣé a lè ṣe é láìsí mọ́ọ̀dù?

Ìyá Ìbejì, Saitama

Màmá, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Aǹtí Peckham, mo ti gbọ́, èmi náà á máa gé uzura láti òní lọ.

Bàbá Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ wá páálí mílíìkì tàbí ti jùsì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jáde, ẹ ṣẹ́ ẹ láàárín gbùngbùn kó dà bí òrùlé tí a yí ojú rẹ̀ sókè. Ẹ tẹ́ ẹyin gbígbóná tí ẹ ti bó sínú kòtò rẹ̀. Ẹ wá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé ẹ̀yìn ẹyin náà ní gígùn, igi tí wọ́n fi ń jẹun níbí ni èmi ń lò, ẹ fi rọ́bà tí a fi ń di owó so igi náà mọ́ páálí ní orí méjèèjì, kó lè wọ ẹyin náà lára díẹ̀. Ẹ gbé e sínú omi áìsì. Bó bá tutù, ẹ tú u, ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú láàárín. Ojú ibi tí ẹ gé á rí bí àwòrán ọkàn, pupa rẹ̀ á wà láàárín.

Bàbá Ìbàdàn

Mo ti ṣe é lálẹ́ yìí. Páálí jùsì àti pẹ́ńsùlù tuntun tí mo wé ní ọ̀rá ni mo lò. Rọ́bà kan já, mo fi méjì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mo gé e, ọmọ mi obìnrin pariwo débi pé ìyá rẹ̀ sáré jáde láti inú yàrá. Apá kan tóbi ju èkejì lọ díẹ̀. Ó fi iyọ̀ àti ata gígún bọ èyí tó tóbi, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ó ń jẹ èyí tó kéré. Ó ti sọ fún mi pé mẹ́rin lòun fẹ́ mú lọ sílé ìwé lọ́la, mo sì ti fi páálí mẹ́rin sínú omi.